Kì Í Ṣe Gbogbo Orí Tó Dàrú Ni Wèrè

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Nítorí ẹ̀rù èyí, bí ọmọ ẹni bá sọ ìsọkúsọ lójijì, kíá la ó ti ní ayé ló ṣe é. A ó gbé e pamọ́, a ó dè é mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni.

Ní 2009, ọmọbìnrin akọ̀ròyìn kan ní New York, Susannah Cahalan, ẹni ọdún 24, bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ènìyàn. Kò rí oorun sùn. Gìrì ń mú un. Dókítà kan ní ọtí ló ń mu jù. Níkẹyìn, Dókítà Souhel Najjar ní kí ó ya aago sínú ìwé. Apá ọ̀tún nìkan ló kó gbogbo òǹkà aago náà sí! Nípa bẹ́ẹ̀ ni dókítà fi mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ ló ń wú. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2012.

Kí ló fà á? Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn ọmọ-ogun wà tí ń bá àrùn jà. Nígbà mìíràn wọn a ṣi ọ̀tá mọ̀, wọn a gbógun ti ọpọlọ onílé. Dókítà Josep Dalmau àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàlàyé irú èyí ní 2007. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló ń mú jù. Kókó inú ilé ẹyin wọn a máa fà á nígbà mìíràn. Ó ń mú ọkùnrin àti ọmọdé pẹ̀lú. Oògùn wà tí ń pẹ̀tù sí ogun náà, ọ̀pọ̀ ló sì ń sàn, pàápàá bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Bàbá kan fi okùn de ọmọ rẹ̀ wá sí dìsípẹ́ńsárì wa rí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú okùn yìí ná." Ara ọmọ náà gbóná bí iná! Ilé-ìwòsàn ńlá ni mo darí wọn sí lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, bí orí ẹni tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀ bá dàrú láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ibà, orí fífọ́, gìrì tàbí àìlèsọ̀rọ̀ sì bá a rìn, ẹ má fi falẹ̀. Ibà ẹ̀fọn pàápàá lè gùn ún dé ọpọlọ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Bó bá sì jẹ́ àrùn ọpọlọ lásán ni, òun náà ní ìtọ́jú. Kò sí èyí tí okùn ń wò sàn nínú méjèèjì.