Òórùn Dídùn Kì í Wo Awọ Gbígbẹ Sàn

Ìhà kan ni mo dúró sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní yẹsẹ̀ níbẹ̀: ẹni tí awọ ara rẹ̀ ń gbẹ, tó ń fi owó oúnjẹ ra ìpara olóòórùn dídùn, wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ ni. Òrí orí àtẹ, tàbí fásílíìnì tí wọn ò fi òórùn kankan sí, yóò ṣe iṣẹ́ náà jù ú lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wọlé tọ̀ wá, láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, á máa fa omi kúrò nínú ohun gbogbo tó bá kàn. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á sán, ojúgun á funfun báláú. Awọ ara ní ọ̀rá tirẹ̀ tó fi ń ṣọ́ omi inú rẹ̀. Bí ọ̀rá yẹn bá ti tán, omi á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tí a nílò nígbà náà kò ju ohun tí à ń fi dé ìkòkò lọ: nǹkan tó nípọn, tí yóò jókòó lórí awọ, tí kò ní jẹ́ kí omi jáde. Fásílíìnì kò mọ iṣẹ́ mìíràn, ó sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí Robert Chesebrough, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, ti gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1872. Òrí náà ń ṣe é, ó tún ń mú kí awọ rọ̀. Kí ni òórùn òdòdó wá fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Kò ní oore kankan tó ń ṣe, ibi ló ń ṣe. Èròjà òórùn wà lára ohun tó sábà máa ń mú kí ìpara bá ara jà, kó máa yún èèyàn, kó pọ́n, kó sú. Awọ tó ti sán ni ìjà náà sì tètè máa ń ká mọ́lé. Ẹ yí ike tẹ́ ẹ fẹ́ rà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ. Bẹ́ ẹ bá rí glycerin tàbí petrolatum (fásílíìnì náà nìyẹn) nítòsí òkè, ó dára. Bẹ́ ẹ bá rí fragrance tàbí parfum, ẹ dá a padà sórí igbá. Ìpara tó ń ṣàn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi lẹ sì ń sanwó fún.

Àwọn kan á ní òrí àti fásílíìnì máa ń sọ èèyàn di dúdú. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dójú àmì, ó sì máa ń dùn mí. Kò sí nǹkan kan nínú méjèèjì tó ń pa ara láró. Awọ tó gbẹ máa ń ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ohun tó ṣí yẹn ló ń funfun. Bí ọ̀rá bá ti kàn án, funfun náà á lọ, àwọ̀ tí Ọlọ́run fún èèyàn á hàn. Dúdú tẹ́ ẹ rí nínú dígí, tiyín ni.

Ìbẹ̀rù dúdú yìí gan-an ni àwọn oníṣòwò kan fi ń pawó. Obìnrin á wọ ọjà, á ní ara òun ń gbẹ, wọ́n á gbé ìpara tó ń mú ara tàn lé e lọ́wọ́. Inú irú ìpara bẹ́ẹ̀ la ti ń bá hydroquinone, mẹ́kúrì àti oògùn steroid, NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kò sì yé pariwo rẹ̀. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Steroid tí kì í ṣe dókítà ló kọ ọ́ fúnni, bí èèyàn bá ń fi para lójoojúmọ́, á mú kí awọ fẹ́lẹ́. Ẹni tó wá oògùn awọ gbígbẹ dé ọjà á wá gbé awọ tí kò lè gba nǹkan kan mọ́ra lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀, òrí kì í ṣe àjèjì. Ní Ṣakí, ní Kìṣí, ní Ìgbòho, àwọn obìnrin ń ṣa èso rẹ̀ nígbà òjò, wọ́n ń sè é, wọ́n ń sá a, wọ́n ń pa á, wọ́n ń yan kóró rẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi sí i, tí wọ́n á máa fọwọ́ pò ó títí apá á fi máa ro wọ́n, títí ọ̀rá funfun á fi léfòó. Wọ́n á kó o, wọ́n á tún sè é kó lè já gaara, kó tó wá dì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá kíkó kóró òrí lọ sókè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà. Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, ṣàlàyé pé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún òrí àgbáyé ló ń ti ọ̀dọ̀ wa wá, àmọ́ èyí tó ń kàn wá nínú owó rẹ̀ kò ju ìdá 1 lọ. Títí di ìgbà náà, kóró wa ń wọkọ̀ ojú omi lọ, ó ń padà wá nínú ike aláràbarà, a sì ń tò láti rà á.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí omi ìwẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná janjan, ẹ sì yé kán oògùn apakòkòrò sí i. Ọṣẹ dúdú tí mo fẹ́ràn gan-an, eérú ló wà nínú rẹ̀, ó máa ń le fún awọ gbígbẹ. Ẹ má nura gbẹ tán. Bí ara bá ṣì tutù, ẹ bu òrí tó tó orí ìka, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí á fi yọ́, kẹ́ ẹ fi pa apá, ojúgun àti gìgísẹ̀. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ ti bù ú jù. Ẹni tí kò fẹ́ òórùn èéfín rẹ̀ lè fi para sùn lálẹ́. Ẹni tí rorẹ́ ń yọ sójú ni kó yọ ojú sílẹ̀.

Ti ọmọ ọwọ́ ló ń bí mi nínú jù. Ìkókó tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le ni wọ́n ń da páúdà àti ìpara olóòórùn bò, bẹ́ẹ̀ awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ fíìfíì. Ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tẹ́ ẹ̀ ń bá wọn wẹ ọmọ, ẹ fi òórùn sílẹ̀. Bí inú ìgbọ̀nwọ́ ọmọ tàbí ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ bá ń gbẹ, tó ń pọ́n, tó ń yún un lóru títí tó fi ń họra lẹ́jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ má gbé e lọ sí ìsọ̀ onípara.