Kí Àpò Tó Di Ti Ọjà

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí.

Láti ọdún 1922 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí igi ọ̀pẹ ní Pobẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gba ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́ kọjá mọ̀ pé ọ̀pẹ kò wọ́n wa, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kò sì wọ́n wa. Síbẹ̀ a máa ń rí ọmọ tí ikùn rẹ̀ yọ síta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ pọ́n. Àwọn ará ilé a ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí a tó dárúkọ ayé, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ọmọ náà ń jẹ. Láàárọ̀? Ẹ̀kọ mímu. Lọ́sàn-án? Gàrí. Lálẹ́ ńkọ́? Ẹ̀bà. Ikùn yó, ṣùgbọ́n ara kò rí ohun tí yóò fi dàgbà. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà wà nínú ilé kan náà, nínú àpò tí a ti dì fún àwọn tí ń kó o lọ sí Nàìjíríà. Ẹyin wà nínú agbọ̀n, ti ọjà ni. A kò bú ìyá. Owó ilé-ìwé àti owó oògùn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ó bu ti ọmọ sílẹ̀ kí ó tó di àpò lẹ́nu, kí bàbá má sì ka ohun tí ó bù sí owó tí ó sọnù. Wọ́n ní ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Olè tí ebi sọ di olè ni àwa mọ̀.

Ti epo pupa ńkọ́? Ohun tí ó mú un pupa ni ara ń sọ di fítámì A tí ń ṣọ́ ojú ọmọ. Bí a bá gbé e ka iná títí tí ó fi funfun, a ti sun ire inú rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sínú ẹ̀wà ọmọ bí ó ti wà.

Ní Àjàṣẹ́, Fada Godfrey Nzamujo, ọmọ ẹgbẹ́ Dòmíníkì, dá oko Songhai sílẹ̀ ní ọdún 1985. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn kì í ṣòfò, ilẹ̀ oko ni ó ń lọ. Ẹni tí ó ní adìẹ márùn-ún péré lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la: ìgbẹ́ wọn sí ìdí tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn ilé, tẹ̀tẹ̀ sínú ìkòkò, ẹyin kan fún àbígbẹ̀yìn.