Fọ́ńgọ́ọ̀sì Tó Fi Odi Yí Ara Rẹ̀ Ká

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, to orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 tó yẹ kí ayé ṣọ́ra fún. Candida albicans, tó máa ń mú ẹnu ọmọ ọwọ́ funfun, wà lára mẹ́rin tó léwu jù.

Kí ló dé tí oògùn kì í fi í ràn án nígbà mìíràn? Bó bá bà lé rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ aláìsàn tàbí eyín àtọwọ́dá, á lẹ̀ mọ́ ọn, á pọ̀ sí i, á sì pèsè ohun yíyọ̀ kan tó fi bo ara rẹ̀ bí odi ìlú. Inú odi yẹn ni fluconazole, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì, ń há sí. Ìwọ̀nba tó bá ráyè wọ inú fọ́ńgọ́ọ̀sì náà, á tún tì í síta. Àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó sùn fọnfọn. Oògùn kì í rí wọn pa. Nígbà mìíràn, ó lè gba ìlọ́po 1,000 ìwọ̀n oògùn tó ń ran èyí tí kò ní odi. Ta ló máa gbé ìyẹn mì?

Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní kí wọ́n yọ rọ́bà náà. Ẹ̀yin tó ń lo eyín àtọwọ́dá, ẹ máa yọ ọ́ lálẹ́, kí ẹ sì fọ̀ ọ́. Bí oògùn kẹ́míìsì ò bá ṣiṣẹ́, ẹ má rà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tó wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni kí ẹ gbà lọ.