Ìrántí Freddie Mercury Kì í Ṣe Ìdíje

Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó. Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1992, tí èrò bí 72,000 pé jọ sí pápá ìṣeré Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi orin ṣẹ̀yẹ fún olóògbé Freddie Mercury, akọrin ẹgbẹ́ Queen, àwa olólùfẹ́ rẹ̀ ò tíì ṣíwọ́ àríyànjiyàn. Ta ló kọ ọ́ dáa jù? George Michael gbégbá orókè. Robert Plant ò rí orin tirẹ̀ gbé. Axl Rose kàn ń sáré kiri ni. Bí ẹni ń ka èsì WAEC! Àwa tí à ń fi software jẹun mọ̀ ọ́n dáadáa: ohun tó bá ti ṣeé fún ní máàkì, kíá la ó tò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyókù á sì di ohun ìgbàgbé.

Ẹ wá wo ìyókù yẹn. Éèdì ló pa Freddie. Ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1991 ló kéde àìsàn rẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Torí éèdì yìí ni wọ́n ṣe kó gbogbo ayé jọ sí Wembley. Owó ibẹ̀ ni wọ́n fi dá Mercury Phoenix Trust sílẹ̀ láti gbógun ti àrùn náà. Nígbà tí Elizabeth Taylor, òṣèré fíìmù, bọ́ sórí ìtàgé láti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù, àwọn kan nínú èrò ń pariwo mọ́ ọn. Ó ní òun máa tó kúrò, ṣùgbọ́n òun lọ́rọ̀ sọ.

Àwọn ará wa nìyẹn o, olólùfẹ́ bíi tiwa! Wọ́n wá ṣọ̀fọ̀ ẹni tí éèdì pa, wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ éèdì. (Ká má sì fi òyìnbó ṣẹ̀sín. Nígbà tí Fela kú ní 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, kéde pé éèdì ni, ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ̀ jálẹ̀.)

Ìjà kan ṣoṣo ló nítumọ̀ nínú gbogbo rẹ̀, ti Axl Rose. Kì í ṣe eré sísá rẹ̀ o. Ní 1988, ẹgbẹ́ rẹ̀, Guns N' Roses, gbé orin kan jáde tó bú àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tó ní wọ́n ń tan àrùn ká. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ wá bèèrè pé kí nirú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá níbi ìrántí Freddie. Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí iyì òkú ló dá lé.

Wọ́n á ní ìfẹ́ ló ń mú wa ṣàfiwé. Ó dáa. Àwa náà fẹ́ gbọ́ ohùn Freddie lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmọ́ ta ló ń lọ síbi òkú kó wá máa fún àwọn tó ń sunkún ní máàkì?

George Michael tí gbogbo wa ń fún ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá yìí, ṣé a tiẹ̀ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ̀rù àrùn kan náà ló ń bà á nítorí olólùfẹ́ rẹ̀, Anselmo Feleppa ará Brazil, kò sì lè sọ ọ́ síta. Ó dúró síwájú èrò yẹn, ó ń yẹ́ Freddie sí, ó sì ń gbàdúrà fún Anselmo nínú orin kan náà. Anselmo kú ní 1993. Ọdún 1998 ni George tó sọ ní gbangba pé ọkùnrin lòun ń fẹ́.