Ẹ má tíì tẹ F5 yẹn o!

Àwọn tó ń báàyàn tẹ̀wé n'Isinbode-Ekiti mọ̀ pé títẹ̀ kọ́ ni wàhálà, wíwá fáìlì kiri ni. Kọ́sítọ́mà á dúró, jẹnẹrétọ̀ á máa jẹpo, wọ́n á sì máa fi mouse ṣí fódà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Bẹ́ẹ̀, látọdún 1986 tí Norton Commander tí John Socha ṣe ti jáde l'Amẹ́ríkà ni ọ̀nà àbùjá ti wà. Ó pín ojú kọ̀ǹpútà sí méjì, fódà kan lápá òsì, ìkejì lápá ọ̀tún. Total Commander tí Christian Ghisler ṣe ní Switzerland ṣì ń lo ọgbọ́n yẹn. Tab ló ń gbéni bọ́ sí apá kejì, Enter ń wọnú fódà, Backspace ń jáde. Alt àti F1 ló ń yan díráìfù tòsì, Alt àti F2 ń yan tọ̀tún.

F5 ló ń ṣe ẹ̀dà, òun gan-an ló sì léwu jù. Apá téèyàn bá wà ló ti ń kó fáìlì lọ sí apá kejì. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ gbé project ẹ̀ wá lórí flash, wọ́n bá a tún un ṣe sínú kọ̀ǹpútà, orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́. Tẹ́ni tó fẹ́ kó o padà bá gbàgbé sápá flash, tó tẹ F5, èyí tó kún fún àṣìṣe ló máa bo èyí tí wọ́n tún ṣe mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, Total Commander á kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti yá, ṣé ó ń kàwé ni? Enter ló máa gbá. Ẹ wo déètì fáìlì méjèèjì ná.