Ẹ Ṣírò Òkè Mọ́ Owó Ilé Èrò

 

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá láti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́. Ìyá rẹ̀, ẹni ọdún 68, ti ń tu owó jọ láti inú òwò èlùbọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, nítorí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kí òun tó kú, òun yóò fi ojú ara òun rí ìlú Assisi ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí a gbé bí Francis Mímọ́. Owó náà ti pé wàyí, ṣùgbọ́n ó kàn pé ni. Kò sí èyí tí a lè fi ṣòfò nínú rẹ̀. Arábìnrin wa ti rí ilé èrò méjì. Ọ̀kan wà ní apá òkè, nínú odi ìlú àtijọ́. Yàrá rẹ̀ wà ní àjà kẹta, owó rẹ̀ sì jẹ́ yúrò 50 fún ẹni méjì ní alẹ́ kan. Èkejì wà ní ìsàlẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, yúrò 65, pẹ̀lú oúnjẹ òwúrọ̀. Ó wá béèrè pé: “Bàbá Kátíkíìsì, ṣé kò tọ́ kí n mú èyí tí owó rẹ̀ kéré, tí ó sì wà nínú ìlú náà gan-an? Ohun kan ṣoṣo tí ń kọ mí lóminú ni orúnkún màmá mi.”

Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni irú ìbéèrè yìí wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe ń dá a lóhùn ní gbangba.

Kí n tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú náà ti rí, nítorí ẹni tí kò mọ ilẹ̀ kò lè ṣírò ìnáwó orí rẹ̀. Assisi wà ní ẹkùn Umbria, ní ìdagẹ̀rẹ̀ òkè kan tí à ń pè ní Subasio, tí gíga rẹ̀ ju mítà 1,200 lọ. Òkúta ni a fi kọ́ àwọn ilé àtijọ́ rẹ̀, òkúta ni a tẹ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà sì jẹ́ àtẹ̀gùn tóóró tí mọ́tò kò lè gbà. Ọkọ̀ ojú irin kì í gun òkè yìí. Ibùdó rẹ̀ wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ní àdúgbò Santa Maria degli Angeli, ó sì tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin sí ìlú òkè. Ní àdúgbò yìí kan náà ni ilé ìsìn ńlá kan wà tí a kọ́ yí ilé àdúrà kékeré tí a ń pè ní Porziuncola ká. Nítòsí rẹ̀ ni Francis kú sí ní ọjọ́ 3 oṣù Òkítóbà, ọdún 1226. Ní òkè ni ilé ìsìn ńlá kejì wà, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1228, níbi tí ibojì rẹ̀ wà títí di òní. Ìlú méjì ni Assisi, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni ó so wọ́n pọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún 2014, àwa mẹ́jọ láti inú ìjọ wa lọ síbẹ̀. Nítorí pé iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ń ṣe láti ìgbà èwe mi, èmi ni wọ́n fi àpò owó lé lọ́wọ́. Mo kọ gbogbo ìṣirò sínú ìwé, mo fa ìlà pupa sí ìdí rẹ̀, inú mi sì dùn pé mo rí ilé kan tí owó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo ìyókù lọ. Èmi kò béèrè ibi tí mọ́tò ń dúró sí. Èmi kò béèrè iye àtẹ̀gùn. Nígbà tí a dé, takisí já wa sílẹ̀ lẹ́nu ibodè, a sì ru ẹrù wa gun òkè. Ilé náà kò ní ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè, yàrá wa sì wà lókè téńté.

Ìyá àgbà kan wà láàárín wa, ẹni tí ó ti ń gbá ilẹ̀ ilé ìsìn wa láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kí ó tó dé yàrá, kò sì ráhùn. Ní ọjọ́ kejì ó bá wa lọ sí ibojì Francis, ó sì padà pẹ̀lú orúnkún tí ó wú. Ní ọjọ́ kẹta, San Damiano ni a fẹ́ lọ, ilé àdúrà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú, níbi tí ìtàn sọ pé Francis gbé gbọ́ ohùn láti orí àgbélébùú pé kí ó tún ilé Ọlọ́run ṣe. Nítorí èyí gan-an ni ìyá náà ṣe wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wo àtẹ̀gùn ilé èrò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wí pé, “Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ dárúkọ mi.” A lọ, a sì dárúkọ rẹ̀. Ó jókòó létí fèrèsé títí a fi dé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Olúwa pè é sí ìsinmi. Owó tí mo rò pé mo dá sí lórí ilé náà kò tó owó takisí àti ti oògùn tí a rà. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ tó, kí ni ǹ bá fi ra ọ̀sán ọjọ́ náà padà?

Nítorí náà, arábìnrin wa, ẹ jẹ́ kí a jọ mú ìwé ìṣirò. Alẹ́ mẹ́rin ni ẹ sọ pé ẹ ó lò. Ilé ti òkè yóò jẹ́ yúrò 200, ti ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ 260. Ó dà bí ẹni pé èrè 60 wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ti òkè kò fún ni ní oúnjẹ òwúrọ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín bá jẹ búrẹ́dì tí ó sì mu kọfí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúrò 5, ẹni méjì fún òwúrọ̀ mẹ́rin jẹ́ 40. Èrè wá ku 20. Bí takisí kan bá gbé màmá àti ẹrù gun òkè ní ọjọ́ tí ẹ dé, tí òmíràn sì gbé wọn sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ ń lọ, 20 náà ti fò lọ. Lóòótọ́, ẹni tí ó wọ̀ sí ìsàlẹ̀ yóò san owó bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n owó yìí kéré. Ní ìparí ìṣirò, ilé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. A kò sì tí ì mẹ́nu kan orúnkún.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba ti ìsàlẹ̀. Láti ibùdókọ̀ ojú irin dé àdúgbò náà, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Piazza Matteotti, gbàgede kan tí ó wà ní apá òkè ìlú, kí ẹ sì máa rìn bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ kan San Rufino, níbi tí agbada ìrìbọmi wà, èyí tí a sọ pé a fi ṣe ìrìbọmi fún Francis àti Clare. Lẹ́yìn èyí ni Piazza del Comune, tí tẹ́ḿpìlì àwọn ará Róòmù ìgbàanì wà pẹ̀lú òpó mẹ́fà níwájú rẹ̀; ilé ìsìn Kristi ni a sọ ọ́ dà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti sọ̀ lọ sí ilé ìsìn Francis. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ní Piazza Giovanni Paolo II, bọ́ọ̀sì yóò gbé yín padà. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò máa bá yín gun òkè, kí ẹsẹ̀ máa sọ̀ ọ́. Ìsọ̀kalẹ̀ náà a máa dun orúnkún, nítorí náà kí màmá mú ọ̀pá lọ́wọ́, kí ẹ sì máa jókòó nínú ilé ìsìn kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọjá sí èkejì. Ní ti San Damiano, ẹ gba takisí lọ, kí ẹ sì gbà á bọ̀. Takisí kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ sí nìyẹn.

Èmi kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn sá fún ìlú òkè. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ẹrù rẹ̀ kò sì wúwo, yóò jèrè púpọ̀ bí ó bá sùn nínú odi, nítorí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn èrò ojúmọ́ bá ti lọ, ìlú náà a dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé kí olúkúlùkù wo ẹsẹ̀ ẹni tí ó lágbára jù ní ìkẹyìn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó wo owó yàrá.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé èrò kankan ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè nǹkan wọ̀nyí. Èkíní, níbo ni mọ́tò ń dúró sí, àtẹ̀gùn mélòó ni ó sì wà láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà? Ìkejì, ṣé ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè wà? Ìkẹta, agogo mélòó ni a ń ti ìlẹ̀kùn? Èyí ṣe pàtàkì ní ilé àwọn obìnrin onísìn tí ń gba àlejò, nítorí wọ́n mọ́ tónítóní, owó wọn kì í sì í wọ́n, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ní aago ìtìlẹ̀kùn. Ìkẹrin, ṣé owó orí àlejò wà nínú iye tí a dá? Ìjọba ìlú ń gbà á lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, a sì sábà máa ń san án lọ́tọ̀. Ìkarùn-ún, bí ìrìn àjò bá yẹ̀, ṣé a ó dá owó padà?

Ìbéèrè ìkarùn-ún yìí kan àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an. Àwọn tí ń fún ni ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú yóò béèrè ẹ̀rí ibi tí ẹ ó sùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọn yóò sì béèrè ìwé ìdáàbòbò ìrìn àjò tí kò dín ní yúrò 30,000. Láti oṣù Júùnù ọdún 2024, yúrò 90 ni àgbàlagbà ń san fún ìwé àṣẹ náà, a kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Bí ẹ bá wá san owó ilé èrò tí kò ṣeé gbà padà, òfò di méjì. Ẹ gba yàrá tí a lè fagi lé láìsan ìtanràn, bí ó tilẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n jù. Nígbà tí ẹ bá sì dé ilé èrò, tí wọ́n béèrè ìwé ìrìnnà yín, ẹ má fòyà. Òfin Ítálì ni ó pa á láṣẹ pé kí wọ́n fi orúkọ àlejò gbogbo ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá.

Ẹ yan àkókò dáadáa pẹ̀lú. Ọjọ́ 4 oṣù Òkítóbà ni àjọ̀dún Francis. Láti ọdún 2026 sì ni ó ti tún di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo Ítálì. Ọdún 2026 kan náà ni ó pé 800 ọdún tí ó kú. Ní ọjọ́ wọnnì, àti ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì oṣù Ọ́gọ́ọ́sì, èrò a máa pọ̀, yàrá a sì máa wọ́n. Láti oṣù Nòfẹ́ḿbà títí dé oṣù Máàṣì, yàtọ̀ sí àsìkò Kérésìmesì, owó yàrá a máa dínkù, ṣùgbọ́n òtútù mú níbẹ̀, àti òtútù àti orúnkún kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Oṣù Nòfẹ́ḿbà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tàbí Máàṣì ní ìparí rẹ̀, ni èmi yóò yàn fún màmá.

Àwọn ìnáwó kéékèèké kù. Ibojì Francis, ọ̀fẹ́ ni àtiwọlé síbẹ̀. Kìkì kí a bo èjìká àti orúnkún, ìró àti bùbá màmá sì ti ṣe èyí tán. Ẹni tí ó dúró mu kọfí sábà máa ń san owó tí ó dín sí ti ẹni tí ó jókòó. Ní ilé oúnjẹ, ẹ wo ìwé wọn bóyá owó ìjókòó wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí búrẹ́dì wọn kò bá ní iyọ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Umbria láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, kò sí ìtìjú nínú pé kí a wá yàrá olówó pọ́ọ́kú ní ìlú Francis, ẹni tí ó fi ọrọ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ara òun tìkára rẹ̀ ni ó yan òṣì fún. Ẹ má ṣe yan àtẹ̀gùn fún ìyá yín.

Arábìnrin wa, bí ẹ bá dé San Damiano, kí màmá jókòó pẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá sì ti gbàdúrà tirẹ̀ tán, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kí ó rántí ìyá kan tí ó jókòó létí fèrèsé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Olúwa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín.

Èmi ni ti yín nítòótọ́,
Kátíkíìsì Akọ̀wé