Àkọ́sórí Kọ́ ni Ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ kan ti gbà pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lè ka ogún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí láràárọ̀, ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Wọn a kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, wọn a kọ ìtumọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ a sì máa ké e bí ayékòótọ́. Nígbà tí ìdánwò bá dé, ọmọ yìí kan náà ni yóò kọ ọ́ pé 'Borrow me your pen'. Olùkọ́ a fi tàdáwà pupa fa igi lé e, a ní olódo ni.

Olódo kọ́ ni ọmọ náà. Adé yá owó lọ́wọ́ Òjó; Òjó yá Adé lówó. 'Yá' kan náà ni Yorùbá lò fún àwọn méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ni ó pín in: 'borrow' ni ti ẹni tó gbà á, 'lend' ni ti ẹni tó fi í sílẹ̀. Olùkọ́ tó kọ ọ́ pé 'borrow' ni 'yá', tó sì dákẹ́ síbẹ̀, òun gan-an ni ó gbin àṣìṣe tó ń torí rẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'gbọ́' rí. Yorùbá ń gbọ́ ohùn, ó ń gbọ́ òórùn, ó sì ń gbọ́ èdè. 'Hear', 'smell' àti 'understand' ni Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, Yorùbá ni ó ń pín ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. À ń wọ ẹ̀wù, à ń dé fìlà, à ń wé gèlè, à ń ró ìró. 'Wear' ni Gẹ̀ẹ́sì fi kó gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá ń ki ọrùn bọ ẹ̀wù lọ́wọ́, 'put on' ni. Ó di 'wear' nígbà tí ẹ̀wù bá ti wà lára. Àkọ́sórí wo ni yóò fi èyí han ọmọ?

Àwọn kan yóò ní Yorùbá ni ó ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Irọ́ ni. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Síbẹ̀, ní ìparí 2025, ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà èdè abínibí ti 2022, wọ́n ní òun ni ó ń fa ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò. Ọmọ tó jókòó fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní 2025 ńkọ́? Ó ti jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà náà tó dé!

Kí olùkọ́ tó fẹ́ kọ́ni ní 'lend' yá ọmọ kan ní báírò rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Kí ọmọ náà sọ ohun tí olùkọ́ ṣe àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, ní Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì sí pàṣán níbẹ̀.